Èsì: Ibo gan-an ni lipase wà nínú sẹ́ẹ̀lì?

Àbúrò, o ní ṣé inú lysosome (àpò kékeré tí sẹ́ẹ̀lì ti ń tú nǹkan palẹ̀) nìkan ni lipase, àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń tú ọ̀rá, wà, àti pé kí ló dé tí insulin, họ́mónù tó ń jáde tá a bá jẹun, kò dá gbogbo wọn dúró. Rárá o, ibùgbé wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá, orí ẹ̀kán ọ̀rá gan-an niṣẹ́ ti ń lọ. Lipase mẹ́ta ló ń ṣe é: ATGL ló kọ́kọ́ ń já ẹsẹ̀ kan (ìyẹn ásíìdì ọ̀rá kan) lára triglyceride, ọ̀rá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ara tọ́jú, HSL á já ìkejì, MGL á já ìkẹta, glycerol tí ẹsẹ̀ mẹ́ta náà so mọ́ á ṣẹ́kù.

HSL ni kó o fojú sí. Tí ara bá balẹ̀, inú omi sẹ́ẹ̀lì ló máa ń wà. Ká ní ọ̀kadà ṣẹ́ kù díẹ̀ kó gbá ọ lójú ọ̀nà Ọba Adésidà níbí ní Àkúrẹ́, tí àyà rẹ já: adrenaline, họ́mónù ìdágìrì, á tú jáde, cAMP tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì á pọ̀, PKA, ẹ́ńsáìmù tí cAMP ń jí, á so phosphate mọ́ HSL àti perilipin, purotéènì tó ń ṣọ́ ẹ̀kán ọ̀rá náà. Perilipin á tú CGI-58, tó ń ran ATGL lọ́wọ́, sílẹ̀ fún un, HSL á sáré lọ lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Tó o bá jẹun tán, insulin á mú kí ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ PDE3B tú cAMP ká, iṣẹ́ á rọlẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá lọ̀rọ̀ yìí bá mu. LAL ni lipase ti inú lysosome, kì í dúró de PKA, ìdí nìyẹn tí ìjánu insulin yẹn kò fi mú un. Ibi tí ásíìdì wà, bíi pH 4.5 sí 5, ló fẹ́, ó sì ń tú ọ̀rá tí LDL, tó ń ru ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀, gbé wọlé. Nígbà ebi, TFEB, purotéènì tó ń tan jíìnì, ló ń mú un pọ̀ sí i. Tí jíìnì rẹ̀, LIPA, bá bàjẹ́ pátápátá, ọ̀rá á kún inú ẹ̀dọ̀ ọmọ láti kékeré.