Kásẹ́ẹ̀tì Àtijọ́ àti Àwòrán Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Dá Sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa tó di olóògbé fi kásẹ́ẹ̀tì púpọ̀ sílẹ̀, nínú èyí tí ìyá wọn ti ń ki oríkì ìdílé wa. Fídíò ìsìnkú ìyá àgbà náà lọ́dún 1994 wà nínú VHS, ìyẹn kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́, àwọn àwòrán wa yòókù sì wà nínú síídì, lórí Facebook àti nínú Gmail bàbá. Owó mi kò ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú àráfẹ́rakù bàbá. Kásẹ́ẹ̀tì oríkì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè ki í fún yín bí ìyá àgbà ṣe kì í. Inú ìpele tín-ínrín tó wà lójú téèpù ni ohùn wà, ọ̀rinrin àti ooru ilẹ̀ wa sì máa ń ba ohun tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Kí ẹ tó fi èyíkéyìí sínú ẹ̀rọ, ẹ wò ó dáadáa níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí àtíkè létí ibi tí téèpù ká jọ sí, ó ti bu nìyẹn. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, torí pé bí ẹ bá lò ó, èébu yóò wọ inú ẹ̀rọ, yóò sì ran kásẹ́ẹ̀tì tó kàn. Ẹ ṣẹ́ etí kékeré méjì tó wà lẹ́yìn èyí tó dára, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba ohùn, gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni. Irú fáìlì tó ń jẹ́ WAV ni kí ẹ fi pamọ́, nítorí irú èyí tó ń jẹ́ MP3 máa ń yọ lára ohùn kí fáìlì lè kéré. Ẹ wá pe àgbà ilé kan jókòó, kí ó sọ àwọn tí ìyá àgbà ń dárúkọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ka èyí sí iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú gbígbà ohùn, torí pé àgbà náà kò ní wà títí.

Ní ti VHS, ẹ má pẹ́ jù. Ilé iṣẹ́ Funai ti ilẹ̀ Japan, tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, dáwọ́ dúró ní oṣù Keje ọdún 2016. Bí ẹ bá gbé e fún oníṣẹ́, ẹ ní kí ó fún yín ní fáìlì, kí ó má jẹ́ DVD nìkan. Síídì tí a kọ nǹkan sí nílé máa ń kú láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ da ohun inú rẹ̀ sórí hard disk.

Ohun orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kì í dúró. Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n ti BBM tí gbogbo wa fi ń ránṣẹ́ síra wa lórí fóònù pa, ọdún yẹn kan náà ni ìkànnì Myspace sì kéde pé orin tí àwọn èèyàn ti gbé síbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún ti sọnù. Nínú àwọn ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, Gmail bàbá ló yẹ kó kán yín lójú jù, nítorí Google lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún 2 rẹ́; ó ní ọ̀nà tí ẹbí olóògbé lè gbà béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ti Facebook rọrùn: ẹ lọ sí Settings, kí ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo àwòrán yín jọ fún yín.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ṣe: méjì sórí hard disk ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí hard disk kan sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń gbé ìlú mìíràn. Ẹ má fi flash ṣe ibi ìpamọ́. Lọ́dọọdún, ẹ ṣí fáìlì bíi mélòó kan nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbọ́ ọ dé òpin. Èyí tó bá kọ̀ láti ṣí, ẹ tètè fi èyí tó dára rọ́pò rẹ̀.