Ṣé kí n má ro ti ọmọ mi mọ́ ni?

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Balógun ló kọ̀wé sí mi láti Súrùlérè. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin pa yunifásítì tì, òun àti bàbá rẹ̀ jà lé e lórí, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó sì gba Ìbàdàn lọ. Àlàáfíà ló wà, ó ń kọ́ṣẹ́ títún fóònù ṣe, ṣùgbọ́n kì í gbé ìpè ìyá rẹ̀. Oníbàárà kan ló mú ìyá náà mọ ìṣàṣàrò àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, kó máa jókòó láàárọ̀, kó máa fi ọkàn bá èémí rẹ̀ lọ. Olùkọ́ wọn wá ní kó ṣe èyí tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, kó má di bó ṣe máa já sí mú. Inú bí i. Ó ní: “Àǹtí, ọmọ tí mo gbé sínú, tí mo pọ̀n sẹ́yìn, ṣé kí n má ro tiẹ̀ mọ́ ni? Mo ń jókòó, mo ń mí, ọmọ ò pè. Kí wá ni mò ń ṣe é fún?”

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ẹ máa ro ti ọmọ yín. Nígbà tí Búdà ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bí wọn ó ṣe fẹ́ gbogbo ẹ̀dá alààyè, ìyá ló fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn, ìyá tó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dáàbò bo ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ẹni tó bá fẹ́ kí abiyamọ pa ọmọ tì kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ló ti wọnú ara wọn lọ́kàn yín. Ìfẹ́ ọmọ wà níbẹ̀. Dandan tún wà níbẹ̀: dandan ni kó pè, dandan ni kó pè lónìí, dandan ni kó bẹ̀bẹ̀. Dandan yẹn ni olùkọ́ yín ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ sí mi pé bí ẹ bá ti ń dìde lórí ẹní, WhatsApp lẹ kọ́kọ́ ń ṣí, bí ẹ ò bá sì rí ìdáhùn rẹ̀, ẹ ó máa bá a jà lọ́kàn nínú dáńfó, gun Afárá Èkó títí dé Àpọ́ngbọ̀n. Ẹ ń fi ìjókòó ra ìpè rẹ̀ ni. Ó dùn mí bí mo ṣe kà á, torí ohun tó yẹ kó fún yín nísinmi ló tún ń dá kún ìrora yín.

Òtítọ́ mẹ́rin ni Búdà fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, èkejì nínú wọn sì ni pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ló ń bí ìrora. Oríṣi mẹ́ta ló pè é: ìfẹ́ láti gbádùn, ìfẹ́ láti di nǹkan, àti ìfẹ́ kí nǹkan kan má sí mọ́. Ẹ dúró lórí ẹ̀kẹta yẹn. “Kí ọmọ yìí má dákẹ́ sí mi mọ́” wà lára rẹ̀.

Búdà tún sọ̀rọ̀ adìẹ kan tó sàba lé ẹyin mẹ́jọ, mẹ́wàá tàbí méjìlá. Bó bá sàba dáadáa, ì báà má tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé òun fẹ́ pamọ, á pamọ. Bí kò bá sàba, bó ti wù kó fẹ́ ẹ tó, kò ní pamọ. Mi ò ní fi èyí tàn yín o. Ọkàn ara ẹni ni Búdà ń bá wí níbẹ̀, ọmọ yín sì ní ọkàn tirẹ̀. Ẹ lè ṣe gbogbo ohun tó yẹ, kó má pè.

Ìtàn Ananda ni mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 25 ló fi sin Búdà. Lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀, àwọn àgbà ọmọ ẹ̀yìn fẹ́ pàdé ní ìlú Rajagaha, òun nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò tíì bọ́ pátápátá lọ́wọ́ ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ nínú wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo òru tó ṣáájú ìpàdé rìn lọ rìn bọ̀ nínú ìṣàṣàrò, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ó ní kí òun sinmi díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, orí rẹ̀ kò tíì kan ìrọ̀rí, ọkàn rẹ̀ bọ́. Iṣẹ́ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kò ṣòfò, dandan nìkan ló sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Buddhaghosa, olùkọ́ ẹ̀sìn Búdà kan tó kọ̀wé ní Sri Lanka ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, kìlọ̀ pé àìbìkítà jọ ìfọ̀kànbalẹ̀ púpọ̀, òun sì ni ọ̀tá tó sún mọ́ ọn jù. Bí ẹ bá gbọ́ tí ọkàn yín ń wí pé “kó máa lọ, kò kàn mí mọ́”, ìbínú ni.

Bí ojú rẹ̀ bá wá sí yín lọ́kàn nígbà tí ẹ bá jókòó, ẹ ṣàdúrà kí ara rẹ̀ le, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí ẹ padà sórí èémí. Bí ẹkún bá dé, ẹ jẹ́ kó dé. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí i tí kò ní ìbéèrè nínú. Ẹ má bèèrè ìdí tí kò fi gbé ìpè, ẹ má dárúkọ bàbá rẹ̀. Ìròyìn ilé ni kó jẹ́. Kí ẹ wá pa fóònù tì títí ẹ ó fi ti ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá fèsì, ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ti bàbá rẹ̀, ẹ wá àgbà ẹbí kan tó máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ má dá a gbé.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó ní Ìbàdàn, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọkọ̀ ní Bẹ́gà, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè fara dà á bí kò bá tẹ̀ lé yín padà sí Èkó. Bí ẹ ò bá tíì lè ṣe é, ẹ se oúnjẹ tó fẹ́ràn, kí ẹ fi rán ẹni tó ń lọ.