Gradle: kí ló dé tí mustRunAfter kò fi pe iṣẹ́ kejì wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ méjì (task) wà nínú build.gradle.kts mi, fáìlì tí mo fi ń sọ ohun tí Gradle, irinṣẹ́ tó ń kọ́ áàpù wa, máa ṣe. writeVersion ń kọ nọ́ńbà áàpù wa sínú build/meta/version.properties, packZip ń di fáìlì yẹn àti fódà docs pọ̀ sínú app.zip. Nígbà tí mo pe méjèèjì pọ̀ nínú Gradle 8, ó kọ̀, ó ní packZip ń lo ohun tí writeVersion mú jáde láìsọ pé òun gbára lé e. Mo fi mustRunAfter sí i, ariwo náà sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n lórí sáfà wa, níbi tí a ti ń pe packZip nìkan, version.properties kì í sí nínú app.zip. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó máa ń wà níbẹ̀. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: mustRunAfter kì í pe iṣẹ́ kankan wá. Ẹni tó máa ṣáájú nìkan ló ń sọ, ìyẹn bí iṣẹ́ méjèèjì bá ti wà lára ohun tí Gradle fẹ́ ṣe. Bí ẹ bá ní kí Táyé ṣáájú Kẹ́hìndé wọlé, tí ẹ ò sì ránṣẹ́ pe Táyé, Kẹ́hìndé nìkan ni ẹ máa rí lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́dọ̀ yín, fáìlì tí writeVersion ti kọ tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú fódà build, òun ni packZip ń bá níbẹ̀. Sáfà ní tiẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti inú fódà tó mọ́ tónítóní. Ẹ tẹ `./gradlew clean`, kí ẹ wá tẹ `./gradlew packZip`: ẹ̀yin náà máa rí àìsí rẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé fáìlì àtijọ́ yẹn lè máa wí pé 1.4 nígbà tí áàpù ti di 1.5, kí ẹnikẹ́ni má sì fura.

Ẹ má dá ara yín lẹ́bi jù. Ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta ni Gradle fúnra rẹ̀ ń kọ sábẹ́ àṣìṣe yẹn, mustRunAfter sì ni ìkẹta. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú: ẹ jẹ́ kí ohun tí writeVersion mú jáde di ohun tí packZip ń gbà wọlé.

```
val writeVersion = tasks.register("writeVersion") {
    val ver = project.version.toString()
    val out = layout.buildDirectory.file("meta/version.properties")
    inputs.property("version", ver)
    outputs.file(out)
    doLast { out.get().asFile.writeText("version=$ver\n") }
}

tasks.register<Zip>("packZip") {
    from("docs")
    from(writeVersion)
    archiveFileName.set("app.zip")
    destinationDirectory.set(layout.buildDirectory.dir("dist"))
}
```

Gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú `from(writeVersion)`. Iṣẹ́ náà gan-an la fà lé packZip lọ́wọ́, kì í ṣe ibi tí fáìlì wà. Gradle á mọ fáìlì tó yẹ kó kó, á sì mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kọ́kọ́. Bí ẹ bá kọ `from("build/meta")`, ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn. Kò sí ohun tó so ó mọ́ writeVersion.

Ibi méjì ló ti sábà máa ń bàjẹ́. Bí ẹ bá gbàgbé `outputs.file`, Gradle kò mọ̀ pé writeVersion ń mú ohunkóhun jáde, `from(writeVersion)` kò sì ní kó nǹkan kan. Bí ẹ bá yọ `inputs.property`, tí nọ́ńbà yín sì wà nínú gradle.properties, ẹ lè yí i padà kí Gradle ṣì kọ UP-TO-DATE (pé kò sí ìdí láti tún un ṣe) sí iwájú writeVersion, nítorí pé fáìlì tó kọ wà níbẹ̀ láìyí padà, kò sì mọ̀ pé nǹkan mìíràn kàn án.

Kí ẹ tó gbé e lọ sórí sáfà, ẹ tẹ `./gradlew packZip --dry-run`. Kò ní ṣe iṣẹ́ kankan, orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe nìkan ló máa tò sílẹ̀:

```
:writeVersion SKIPPED
:packZip SKIPPED
```

Bí ìlà packZip nìkan bá jáde, ìsopọ̀ kò tíì wà.

mustRunAfter ní ibi tó yẹ ẹ́. Ẹ̀yin lè fẹ́ pe ìdánwò kúkúrú tàbí ìdánwò gígùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe méjèèjì, kí kúkúrú ṣáájú kí àṣìṣe tètè hàn. shouldRunAfter fẹ́ jọ ọ́, àmọ́ Gradle lè pa á tì bí ó bá máa dá òbìrípo sílẹ̀, ìyẹn kí àwọn iṣẹ́ máa dúró de ara wọn.

Níbi tí kò ti sí fáìlì láàárín iṣẹ́ méjì, bí ìgbà tí ìdánwò nílò dátábéèsì tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ lo dependsOn, tó ń pe iṣẹ́ mìíràn wá ṣáájú, láti fi gbé dátábéèsì náà dìde, kí ẹ sì fi `finalizedBy` so iṣẹ́ tó máa pa dátábéèsì náà mọ́ ìdánwò. Bí ìdánwò bá tilẹ̀ kùnà, Gradle ṣì máa ṣe iṣẹ́ ìparí yẹn.