Ìbéèrè Yín: Báwo ni La Guardia Ṣe Ti Ìdí Lọ́yà Dé Ilé Aṣòfin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Mo gbọ́ pé lọ́yà ni Fiorello La Guardia tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápákọ̀ òfurufú ní New York. Báwo ló ṣe dé ilé aṣòfin? — Òǹkàwé, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe kó tó di lọ́yà. Láti 1907 sí 1910, ó ń túmọ̀ èdè fún àwọn àjòjì tó ń gba Ellis Island wọ Amẹ́ríkà. Alẹ́ ló ń kọ́ òfin. Ó di lọ́yà ní 1910. Ó gbé àpótí ìbò ní 1914, ó fìdí rẹmi. Ní 1916, ó wọlé. Ọdún méjì péré ni sáà ilé kékeré níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́rin bíi tiwa.

Òfin 1932 tí òun àti Sẹ́nétọ̀ George Norris gbé kalẹ̀ ló ṣe kókó jù. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀gá á ní kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ síwèé pé òun ò ní wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, ọ̀gá á sáré lọ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti fi dá a dúró. Òfin yìí sọ ìwé bẹ́ẹ̀ di aláìlágbára níwájú adájọ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì dín àṣẹ náà kù gan-an.

Ẹ wá wò ó: lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n fi ìbò lé e kúrò! Ní 1934, ó di olórí ìlú New York.