Nígbà tí kíláàsì bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà

Ìbéèrè: Ọmọ Ọ̀fà ni mí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ìtàn n'Ílọrin. Ọjọ́ tí a dé orí Àfọ̀njá, olórí Ìlọrin nígbà kan, àti Àlímì, àáfà Fúlàní, ọmọ kan ní Fúlàní ló gba ìlú mọ́ àwọn lọ́wọ́. Òmíràn fìbínú dìde. Àwọn kan ní èmi gan-an ń gbè sẹ́yìn ìlú mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìdákẹ́ yẹn sí àfojúdi. Ọmọ tó gbọ́ "àwọn Fúlàní" lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé baba ńlá òun ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Èyí tó sọ ọ́ náà, ohun tó gbọ́ nílé ló tún sọ. Bí ẹ bá nà án, ilé rẹ̀ lẹ nà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a máa ń kọ́ ìtàn yìí bí ìjà ẹ̀yà méjì. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ké sí Àlímì ní nǹkan bí ọdún 1817, nígbà tó ti kẹ̀yìn sí Ọ̀yọ́. Púpọ̀ nínú àwọn jàmá, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó ń jà fún Àfọ̀njá, jẹ́ ẹrú Haúsá tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Ṣọlágbérú ti Òkè Súnà, Yorùbá ni, kò sì gba Àfọ̀njá sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa á. Ẹ wo àwọn Balógun mẹ́rin tó wà n'Ílọrin títí dòní: Gàmbàrí, Fúlàní, Ajíkòbí, Alánàmù. Yorùbá ni méjì tó kẹ́yìn. Ẹ kọ orúkọ wọ̀nyí sójú pátákó kí ẹ tó béèrè ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní abala ìwé, kí kálukú kọ ohun tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀ nípa bí ìlú ṣe di ti ẹni tó ni ín, láìkọ orúkọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ kà á sókè. Tí wọ́n bá wá ń sọ̀rọ̀, òfin kan péré: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ yóò sọ ibi tó ti gbọ́ ọ, "nílé wa" tàbí "nínú ìwé."

Ní ti Ọ̀fà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ sọ fún wọn pé Ìlọrin dó ti ìlú yín títí ó fi fọ́, kí ẹ sì sọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé yín.

Ọmọ tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ síbẹ̀, ẹ má fipá mú un. Ẹ gba ìwé rẹ̀, kí ẹ dá a lóhùn sínú rẹ̀.