Abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà fún ẹ̀yìn ríro

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní wọ́n ní kí ìyá yín lọ gba abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà fún ẹ̀yìn tó ń ro ó, ẹ wá ń béèrè bóyá ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó wà nídìí ẹ̀ àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó yín. Èmi ti gbà á. Aláró ni mí ní Òṣogbo níbí. Ẹni tó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò aró láti àárọ̀, tó ń fa aṣọ tútù jáde, á mọ irú ẹ̀yìn tí mò ń wí. Mo fi òrí pa á títí, mo gbé oògùn ìrora mì títí inú fi ń ta mí.

Oníṣẹ́ físíò kan ló fún mi. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín bí irun, kò ní ihò, kò sí oògùn kankan nínú ẹ̀. Ojú mi ló ti já ọ̀rá ẹ̀. Bó ṣe wọlé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mí; ìgbà tó rọra ń yí i ni ibẹ̀ wúwo, tó ń ro mí wọnú. Ìrora náà dín kù, kò tán. Àmọ́ ó jẹ́ kí n lè ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ mi, eré yẹn ló sì gbé mi dúró.

Àwọn àgbà Ṣáínà ní agbára kan tó ń jẹ́ qi ló ń gba ojú ọ̀nà kan nínú ara. Àwọn tó ń la òkú wò ò rí ojú ọ̀nà yẹn rí. Èyí tí àwọn dókítà gbé yẹ̀ wò ni pé bí abẹ́rẹ́ bá kan iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ, ara á tú apàrora tirẹ̀ jáde, endorphin. Ní 1977, wọ́n fún àwọn tí abẹ́rẹ́ ti mú ìrora eyín wọn rọlẹ̀ ní naloxone, oògùn tó ń dí apàrora yẹn lọ́wọ́, ìrora náà sì padà. Àwọn mìíràn tó dán an wò lẹ́yìn náà ò rí bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí tó yé mi jù ni ti Jámánì, tó jáde ní 2007: 1,162 èèyàn tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara nǹkan bí 48 nínú 100 yá lára àwọn tí wọ́n gún níbi tí àwọn ará Ṣáínà ní kí wọ́n gún. Àwọn tí wọ́n gún níbòmíì, tí abẹ́rẹ́ ò wọlé púpọ̀, 44. Àwọn tó lo oògùn àti eré ìdárayá, 27. Ẹ ò rí i pé ibi tí wọ́n gún ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan! Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà ò fi dọ́gba: àjọ NICE nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń sọ irú ìtọ́jú tó yẹ fún àwọn dókítà ibẹ̀, fọwọ́ sí i fún ẹ̀yìn ríro ní 2009, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2016.

Torí náà, ẹni tó bá ní òun mọ ojú ibi tí òun ó gún kí ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìyá débẹ̀, kí wọ́n má sì dá oògùn wọn dúró. Abẹ́rẹ́ tuntun nìkan ni kí ẹ gbà, kí wọ́n já ọ̀rá ẹ̀ lójú yín, torí àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Bí ìyá bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún wọn. Bí ẹsẹ̀ wọn bá sì ń kú, tí wọn ò lè dá ìtọ̀ dúró, tàbí tí wọ́n ń rù láìnídìí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lónìí, kí dókítà kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn náà.