Ère àti mẹ́dà: ojú kan náà, iṣẹ́ méjì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹgbẹ́ kan ní Ìtọ̀kú gbé ère àti owó ìrántí fún mi ṣe, nítorí pé Abẹ́òkúta yóò pé 200 ọdún ní 2030. Mo mọ ère náà tán, mo ní kí wọ́n dín in kù sórí owó. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ dá a padà. Kí ni kò dáa níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Mẹ́dà, irin róbótó ìrántí, ni ẹ ń ṣe o, kì í ṣe owó. Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà nìkan ló láṣẹ owó, ẹ má kọ náírà kankan sí i lára.

Bí ẹ bá kàn dín ère kù, imú á yọ ju ìgbátí mẹ́dà lọ. Àtúnmọ ni. Fún mẹ́dà tó fẹ̀ ní mìlímítà 40, ẹ mọ ọ́n sórí pátákó róbótó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ìlọ́po márùn-ún nìyẹn: ohun tó ga ní mìlímítà 2.5 lórí amọ̀ yóò di ìdajì mìlímítà. Ẹ má kọjá ibẹ̀. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀. Níbi tí fìlà abetíajá bá ti ṣíji bo abẹ́ ara rẹ̀, òǹtẹ̀ irin tí wọ́n fi ń tẹ mẹ́dà á há síbẹ̀.

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ga níwájú mẹ́dà, tí Olúmọ sì wú ní ojú kejì rẹ̀ níbẹ̀ gan-an, irin kò ní tó kún òǹtẹ̀ méjèèjì. Ojú á rí pẹlẹbẹ. Ẹ gbé Olúmọ wá sísàlẹ̀, kó tẹ́. Ẹ yọ àdìrẹ àti odò Ògùn kúrò, mẹ́dà kì í ṣe pátákó ìpolówó.

Ìlà lẹ́tà tí kò bá tó mìlímítà kan lórí amọ̀ á parẹ́. Ẹ mọ àmì abẹ́ ẹ àti ọ kó tóbi díẹ̀, kó sì jìnnà sí lẹ́tà.

Ní ti ère, idẹ máa ń súnkì tó bá ń tutù, bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ère mítà 2.5 á fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ ti fi kún un láti orí ìda tí ẹ fi ń mọ ère kí wọ́n tó da idẹ. Kí ara idẹ nípọn ní mìlímítà 5 sí 6 níbi gbogbo. Bó bá ki níbì kan, tó fẹ́lẹ́ níbòmíràn, ó lè là.

Bí owó ẹgbẹ́ kò bá ká idẹ, tó jẹ́ sìmẹ́ńtì, kó bo irin inú rẹ̀ ní mìlímítà 40. Ìka ọwọ́ kò lè gba ìyẹn: omi òjò á wọlé, irin á dípẹtà, á wú, ìka á já. Irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ fi síbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ idẹ, ẹ lu ihò sí àtẹ́lẹsẹ̀, kí omi rí ọ̀nà jáde.